Idán Eégún, Idán Kámẹ́rà

Nígbà tí Aláàfin Abíípa múra àtikó ìjọba Ọ̀yọ́ kúrò ní Ìgbòho padà sí Ọ̀yọ́-Ilé, inú àwọn ìjòyè rẹ̀ kò dùn sí i. Wọ́n ti kọ́lé sí Ìgbòho, wọ́n ti dáko síbẹ̀, wọ́n ti sin òkú síbẹ̀. Wọn kò rí ohun tí wọ́n tún ń wá lọ sí ahoro tí ogun Tápà ti lé àwọn baba wọn kúrò. Wọn kò sì tó ọba í bá jà ní gbangba. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n ṣa abuké, wọ́n ṣa àfín, adẹ́tẹ̀, arọ àti aràrá, wọ́n kó wọn lọ sí orí òkè kan ní ìlú àtijọ́ náà, wọ́n fún wọn ní ògùṣọ̀, wọ́n ní kí wọ́n máa rìn kiri lóru, kí wọ́n sì máa ké. Àwọn ìránṣẹ́ tí ọba rán lọ tún ibẹ̀ ṣe rí iná nínú òkùnkùn, wọ́n rí ara tí kò jọ ara ènìyàn, wọ́n fi eré sí i padà sí Ìgbòho pé ọ̀rọ̀ ti gba ìlú. Ọba kò kọ́kọ́ fọhùn. Ó rán ọdẹ mẹ́fà lọ. Àwọn ọdẹ náà sì mú àwọn ọ̀rọ̀ láàyè, wọ́n kó wọn wá sí ààfin. Láti ọjọ́ náà ni a ti ń pe Abíípa ní Ọba Mọ́rọ̀, ọba tí ó mú ọ̀rọ̀. Àlùfáà Samuel Johnson, ẹni tí ó kọ ìtàn yìí sínú ìwé rẹ̀ tí ó parí ní 1897 ṣùgbọ́n tí a kò tẹ̀ jáde títí di 1921, fi kún un pé ọba pe àwọn ìjòyè jọ, ó sì mú kí ìjòyè kọ̀ọ̀kan gba ọtí lọ́wọ́ ọ̀rọ̀ tí òun fúnra rẹ̀ rán níṣẹ́.

Joel Adedeji, ẹni tí ó ṣe ìwádìí jinlẹ̀ lórí eré alárìnjó ní Yunifásítì Ìbàdàn, ka ìṣẹ̀lẹ̀ yìí mọ́ orírun eré náà. Ní tèmi, ohun tí ó gbà mí láfiyèsí jù ni pé ètò pípé ni àwọn ìjòyè wọ̀nyẹn ṣe. Wọ́n yan òkùnkùn, wọ́n yan iná, wọ́n yan ibi gíga tí ojú yóò ti rí i ṣùgbọ́n tí ọwọ́ kò ní tó o, wọ́n sì fi ohùn sí i. Ẹni tí ó bá ti dúró lẹ́yìn kámẹ́rà rí yóò mọ̀ pé ìmọ̀ kan náà ni.

Mo bẹ̀rẹ̀ láti Ìgbòho nítorí pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi, àti àwọn àgbà mìíràn tí ó yẹ kí wọ́n mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, a máa sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ọjọ́ tí kọ̀ǹpútà wọ inú iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ni ojú Yorùbá kọ́kọ́ rí ohun àrà. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ojú wa ti rí ènìyàn tí ó di ejò kí iná mànàmáná tó dé. Ohun tí idán àwòrán yí padà nínú ṣíṣe eré tẹlifíṣọ̀n jẹ́ nǹkan mìíràn: ó yí ẹni tí idán wà lọ́wọ́ rẹ̀ padà, ó yí àkókò tí a ń ṣe é padà, ó sì yí ipò ọ̀rọ̀ ẹnu padà nínú eré. Èyí tí ó kẹ́yìn yìí ni ó ń dùn mí, nítorí pé ọ̀rọ̀ ni iṣẹ́ mi.

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí idán àtijọ́ ti rí ní ilẹ̀ Òkè-Ògùn kò ní láti gbára lé ìtàn àtẹnudẹ́nu nìkan. Ní oṣù kejì ọdún 1826, Hugh Clapperton, ọmọ ilẹ̀ Scotland tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán wá sí ilẹ̀ adúláwọ̀, jẹ́ àlejò Aláàfin Májòtú ní Ọ̀yọ́-Ilé, ìlú tí ahoro rẹ̀ wà nínú igbó ọba níhà Ìgbẹ̀tì lónìí. Ó wo eré àwọn eégún onídán níbẹ̀, ó sì ṣe àkọsílẹ̀ rẹ̀ sínú ìwé ìrìnàjò rẹ̀ tí a tẹ̀ ní 1829, lẹ́yìn tí ó ti kú sí Sókótó. Ìpín mẹ́ta ni eré náà. Nínú ti àkọ́kọ́, àwọn òṣèré tí wọ́n wà nínú àpò aṣọ ń jó, wọ́n ń tàkìtì. Nínú ti èkejì, ere jáde láti inú àpò, ere tí ó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 14, tí a fi aṣọ ṣe tí a sì kùn ní àwọ̀ ere gidi. Ó ń ká, ó ń nà, ó ń la ẹnu. Nínú ìpín kẹta ni àpò kan rọra ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tí orí funfun kan yọ, tí ọrùn yọ, tí gbogbo ara sì yọ: òyìnbó ni! Ó funfun bí ìda, ó rù, òtútù ń mú un, ó ń fín áṣáà, ó ń fi ọwọ́ ra ọwọ́, ó sì ń rìn bí ẹni tí kò rin ilẹ̀ láìwọ bàtà rí. Gbogbo èrò ń wo eégún, wọ́n tún ń wo Clapperton, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin náà kò bínú. Ó gbà pé wọ́n ṣe é dáadáa.

Ohun kan wà nínú àkọsílẹ̀ yìí tí àwọn tí ń tọ́ka sí i kì í sábà dúró lé lórí. Clapperton sọ pé láàárín ìpín kan sí èkejì, àwọn ayaba ń kọrin, gbogbo èrò sì ń gbè é. Orin náà kì í ṣe ọ̀ṣọ́ lásán. Ẹni tí ó fẹ́ bọ́ awọ ere sílẹ̀ kí ó wọ awọ òyìnbó nílò àkókò, bẹ́ẹ̀ ni èrò kò gbọdọ̀ rí àkókò náà bí òfìfo. Orin ni ó ń dí i.

Bákan náà ni mo ṣe bá a nígbà tí mo wà lọ́mọdé ní Ṣakí. Bí ọdún eégún bá dé, tí àwọn apidán bá tẹ́ ẹní sí ojúde, àwa ọmọdé a ti gba iwájú kí oòrùn tó rọ̀. Eégún yóò jókòó sórí ẹní, wọn yóò fi aṣọ bò ó. Atọ́kùn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í pe èṣà. Yóò kì í láti ọ̀dọ̀ baba ńlá rẹ̀, yóò kan ìran ìyá, yóò dà á sí àwàdà, àwọn obìnrin ilé yóò sì máa gbè é. Àwa kò mọ̀ pé iṣẹ́ ń lọ lábẹ́ aṣọ; èṣà ni a ń gbọ́. Nígbà tí a bá fi máa rántí ẹní, ọ̀nì ni ó ń rá bọ̀, tàbí ẹkùn, tàbí Tápà tí ó gùn gbọọrọ. N kò ní sọ bí aṣọ náà ṣe ń yí padà. Kì í ṣe pé n kò mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n mo lè sọ èyí tí kì í ṣe awo: bí idán bá ṣe le tó ni èṣà rẹ̀ ṣe ń gùn tó. Akéṣà tí kò ní ẹnu yóò tú ẹni tí ó wà lábẹ́ aṣọ síta.

Irú eré tí ó ti inú àṣà yìí bọ̀ ni àwọn ẹgbẹ́ eré Yorùbá gbé wọ ilé iṣẹ́ amóhùnmáwòrán nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, dá WNTV sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959. A mọ àwọn orúkọ náà: Dúró Ládípọ̀, Kọ́lá Ògúnmọ́lá, Oyin Adéjọbí, Moses Ọláìyá tí gbogbo ayé mọ̀ sí Bàbá Sàlá. Adébáyọ̀ Fálétí, akéwì tí ó kọ Ọmọ Olókùn-Ẹṣin, ìtàn ìjàgbara àwọn ará Òkè-Ògùn, wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Nídìí fíìmù ni wọ́n fi í sí. Inú mi a máa dùn nígbà tí mo bá rántí pé akéwì wà lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ mú àbẹ̀bẹ̀lúbẹ fíìmù dání ní ilẹ̀ wa.

Ní àwọn ọdún àkọ́kọ́ wọ̀nyẹn, púpọ̀ nínú eré inú situdíò ni ó ń jáde lójú ẹsẹ̀, bí òṣèré ti ń ṣe é ni ẹni tí ó wà nílé ń rí i. Bí babaláwo inú eré bá fẹ́ pòórá, kò sí ẹni tí ó lè dá àkókò dúró fún un. Ohun tí olùdarí lè ṣe ni kí ó yí ojú kámẹ́rà kejì sí ẹlòmíràn, kí ẹni náà máa sọ̀rọ̀, kí ó máa kọrin tàbí kí ó máa pe ọfọ̀, títí tí babaláwo yóò fi yọ́ kúrò lórí ìtàgé. Tàbí kí ó po àwòrán kámẹ́rà méjèèjì pọ̀ díẹ̀díẹ̀, kí ènìyàn máa parẹ́ bí èéfín, kí igi tàbí ẹranko sì máa hàn ní ipò rẹ̀. Èyí náà gba ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, ohùn ni ó sì ń gbé e. Kí òǹkàwé kíyè sí èyí dáadáa. Ẹ̀rọ òyìnbó ti dé, iná mànàmáná ti dé, síbẹ̀ iṣẹ́ atọ́kùn kò tíì bọ́. Ọ̀rọ̀ ṣì ni ó ń bo ẹni tí ó wà lábẹ́ aṣọ.

Téèpù tí ń gba àwòrán sílẹ̀ ni ó ba èyí jẹ́. Nígbà tí ó ti di pé a lè gba eré sílẹ̀ lónìí kí a tó fi hàn lọ́la, kámẹ́rà lè dúró. Kí òṣèré gbogbo dúró gbọn-in bí ère, kí ẹni tí yóò pòórá rìn jáde ní tirẹ̀ láìkánjú, kí ó tilẹ̀ lọ mu omi, kí kámẹ́rà tó tún bẹ̀rẹ̀. Lójú ẹni tí ó wà nílé, wàrà ni ó pòórá. Ọgbọ́n yìí kì í ṣe tuntun láyé: Georges Méliès, onídán ará Paris, ṣàlàyé pé ní 1896, nígbà tí òun ń ya àwòrán òpópónà kan, ẹ̀rọ òun há, nígbà tí ó sì tún ṣiṣẹ́, ọkọ̀ èrò ti di ọkọ̀ òkú lójú àwòrán. Onídán ni Méliès kí ó tó di ayasinimá, ìdí nìyẹn tí ó fi tètè mọ ohun tí ó bọ́ sí i lọ́wọ́. Ó sì jẹ́ ohun tí ó yẹ kí a ronú sí pé lọ́dọ̀ àwọn òyìnbó pàápàá, ọwọ́ onídán ni iṣẹ́ yìí ti bẹ̀rẹ̀.

Àmọ́ ní ibi tí kámẹ́rà ti lè dúró, àkókò tí èṣà ń dí kò sí mọ́. Ìparadà kò gba àkókò kankan. Kí ni atọ́kùn yóò wá máa ṣe?

Kò tètè hàn pé ìbéèrè kan wà nílẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ eré ti ní ọfọ̀ lẹ́nu, wọn kò sì lè ṣàì pè é. Mo rántí tẹlifíṣọ̀n aláwọ̀ funfun àti dúdú tí a fi bátìrì ọkọ̀ gbé ró ní agbolé wa, pẹ̀lú ọ̀pá ìgbáwòrán tí a so mọ́ ọparun gíga kí àwòrán tó lè ti ọ̀nà jíjìn dé ọ̀dọ̀ wa. Bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́, àwòrán a pòórá, ohùn a ṣẹ́kù. A kì í dìde. Ohùn náà tó wa. Nígbà tí Àrélù tí Jímọ̀h Àlíù ṣe ń lọ lórí tẹlifíṣọ̀n ní àwọn ọdún 1980, tí Fádèyí Olóro bá dojú kọ ọ̀tá rẹ̀, ìdàrúdàpọ̀ àwòrán tí ó ń tẹ̀ lé ọfọ̀ rẹ̀ kò ju kí èéfín rú tàbí kí ènìyàn ṣubú. Ọfọ̀ ni a ń dúró dè. Àwọn ọmọdé ń há a sórí, àwọn ìyá sì ń nà wọ́n nítorí rẹ̀.

Ògúndé ti kọ́ àwa òǹwòran ní ohun mìíràn ṣáájú ìgbà náà. Nínú Ayé, sinimá tí òun àti Ọlá Balógun gbé jáde ní 1979, àti nínú Jáiyésinmi tí ó tẹ̀ lé e ní 1980, àwọn àjẹ́ ń yí padà, iná ń bù yẹ̀rì, Oṣẹ́túrá sì ń fi agbára bá agbára jà. Sinimá ni, kì í ṣe eré tẹlifíṣọ̀n, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti rí i lójú aṣọ funfun ńlá kò ní fẹ́ gba èéfín lásán lójú gíláàsì kékeré mọ́. Láti ìgbà náà ni ẹgbẹ́ eré ti ń wá owó idán.

Ti àwọ̀ náà wà níbẹ̀. Ní 1974 ni ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ti Jos bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwòrán aláwọ̀ hàn, àwọn yòókù sì tẹ̀ lé e díẹ̀díẹ̀. Àwọ̀ ni ó jẹ́ kí a lè ta aṣọ búlúù sẹ́yìn òṣèré, kí ẹ̀rọ yọ gbogbo ohun tí ó bá jẹ́ búlúù kúrò, kí a sì fi àwòrán mìíràn rọ́pò rẹ̀: òkun, òfuurufú, iná ọ̀run. Ọgbọ́n yìí dára, àmọ́ kò bá aṣọ wa ṣe ọ̀rẹ́. Ẹ̀rọ kò mọ aṣọ ẹ̀yìn yàtọ̀ sí aṣọ ọrùn. Ẹni tí ó bá wọ àdìrẹ tí aró rẹ̀ súnmọ́ búlúù aṣọ ẹ̀yìn, òkun yóò máa ṣàn láti inú ikùn rẹ̀. Ìlú Ìṣẹ́yìn tí ó ń hun ẹ̀tù láti ayébáyé ni ìbá kọ́kọ́ fẹjọ́ sùn. Nígbà tí aṣọ aláwọ̀ ewé gba ipò búlúù nínú ọ̀pọ̀ situdíò, ara tu aláró, ìṣòro sì di ti ẹni tí ó bá wọ aṣọ aláwọ̀ ewé. Kékeré ni ọ̀rọ̀ yìí, ṣùgbọ́n ó fi ohun kan hàn: fún ìgbà àkọ́kọ́, idán ni ó ń pàṣẹ aṣọ tí òṣèré yóò wọ̀, kì í ṣe òṣèré ni ó ń pàṣẹ fún aṣọ.

N kò ní pẹ́ lórí àwọn fídíò. Ní 1988 ni a sábà máa ń ka Soso Méjì tí Adé Ajíbóyè ṣe sí àkọ́kọ́ nínú wọn ní èdè Yorùbá, nígbà tí Kenneth Nnebue sì gbé Living in Bondage jáde lédè Igbo ní 1992, ọjà náà ti gbòòrò. Owó kékeré ni wọ́n fi ń ṣe é, kíá ni wọ́n fi ń ṣe é, kọ̀ǹpútà sì ti wọ inú rẹ̀. Gbogbo wa ni a rí ìtànṣán pupa tí ń ti ojú jáde àti ìtànṣán búlúù tí ń ti àtẹ́lẹwọ́ jáde, tí méjèèjì ń pàdé lágbedeméjì bí ẹni fi okùn fa ara wọn. Àwọn kan ní nǹkan tuntun kì í dé kí ó gún régé lọ́jọ́ kan. Mo gbà fún wọn. Síbẹ̀ ohun tí mo ń sọ kì í ṣe pé ìtànṣán náà kò dára lójú, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò dára. Ohun tí mo ń sọ ni pé nígbà tí ìtànṣán bá ti jáde, ọfọ̀ a dákẹ́. Ó ti di gbólóhùn kan, ariwo kan, kí iná tó yọ.

Kì í ṣe pé kò sí ẹni tí ó mọ̀. Túndé Kèlání ti di kámẹ́rà mú ní ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n Ìbàdàn kí ó tó lọ kọ́ṣẹ́ sinimá ní Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tí òun àti Akínwùmí Ìṣọ̀lá ṣe Saworoidẹ ní 1999, ikú ọba ni òpin ìtàn náà, ikú tí ó ti ọwọ́ agbára àìrí wá. Owó kò tó? Ó ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n kò sí ìtànṣán, kò sí ejò. Ìlù ni. Ìlù saworo idẹ fọhùn, adé idẹ sì wà lórí ọba tí kò ṣe ètùtù, orí rẹ̀ sì ń fọ́ ọ títí ó fi ṣubú. Mo ti wo apá ibẹ̀ pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ púpọ̀, n kò tíì rí ẹni tí ó bèèrè ibi tí idán wà.

Ọdún mẹ́tàlélógún lẹ́yìn ìgbà náà, ilẹ̀ Òkè-Ògùn fúnra rẹ̀ di ibi tí a ti ń ṣe irú iṣẹ́ yìí. Kúnlé Afọláyan, ọmọ Adé Love tí ó gbé Àjàní Ògún wá sójú sinimá ní 1976, kọ́ abúlé eré kan sí Igbójàyè. Níbẹ̀ ni ó ti ya Aníkúlápó, tí Netflix gbé jáde ní ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án ọdún 2022, tí eré àtìgbàdégbà rẹ̀ sì tẹ̀ lé e ní oṣù kẹta ọdún 2024. Ìtàn ilẹ̀ Ọ̀yọ́ ni. Sàró aláṣọ-òkè bá ayaba Arọ́lákẹ́ yàn án lálè, wọ́n pa á, ẹyẹ àkàlà sì wá jí i dìde nínú igbó. Ilé amọ̀ ni wọ́n kọ́ ní Igbójàyè, amọ̀ gidi. Ilẹ̀ ọ̀dàn wa náà ni a ń rí. Àkàlà ni a fi kọ̀ǹpútà ṣe. Àwọn kan bú ẹyẹ náà pé kò jọ ẹyẹ tó. Lójú tèmi, ó ṣiṣẹ́ tí a rán an, nítorí pé ẹni tí ó bá ti gbọ́ orúkọ àkàlà pẹ̀lú igún nínú ẹsẹ Ifá ti mọ̀ ọ́n kí ó tó bà, amọ̀ tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ sì mú kí ojú gbà á.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí a ti ń ṣe irú ẹyẹ bẹ́ẹ̀, kí a lè mọ ohun tí ó ná wa. Láti ìgbà WNTV, àwòrán 25 ni ó ń kọjá lójú tẹlifíṣọ̀n ilẹ̀ wa láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ti sinimá jẹ́ 24. Bí ẹyẹ bá fò fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́jọ, igba àwòrán nìyẹn. Wọn yóò kọ́kọ́ ya egungun ẹyẹ sínú kọ̀ǹpútà, wọn yóò fi ẹran wọ̀ ọ́, wọn yóò fi ìyẹ́ bò ó, wọn yóò kọ́ ọ ní fífò. Wọn yóò wá wo ibi tí oòrùn ti ń bọ̀ lọ́jọ́ tí a ya òṣèré, kí òjìji ẹyẹ má baà dojú kọ ibòmíràn. Gbogbo èyí ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí òṣèré ti gba owó rẹ̀ tí ó ti lọ sílé. Lọ́jọ́ tí a yà á, òfìfo ni ó ń wò. A ní kí ó wo ibi báyìí kí ó sì bẹ̀rù.

Nítorí pé àwòrán kọ̀ọ̀kan jẹ́ owó, a gbọ́dọ̀ mọ iye wọn kí a tó bẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyí tí olùdarí fi ń ya gbogbo ìran sórí ìwé ṣáájú, tí ó sì ń fi àkókò dé e. Àwọn ẹgbẹ́ eré àtijọ́ kì í sábà kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ọ̀gá yóò sọ ìtàn, olúkúlùkù yóò mọ ibi tí yóò wọlé àti ibi tí yóò jáde. Ohun tí ó bá sọ láàárín méjèèjì, ọwọ́ ẹ̀mí rẹ̀ ni ó wà. Bí orí rẹ̀ bá yá, ọfọ̀ ìṣẹ́jú kan lè di mẹ́ta. Èyí kò ṣeé ṣe mọ́ ní ibi tí ẹyẹ ti ń bọ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kẹjọ. Kì í ṣe ẹ̀bi òṣèré, kì í sì í ṣe àìmọ̀ olùdarí, ìṣirò ni. Ó sì ní èrè tirẹ̀: ènìyàn ogún di ọmọ ogun ẹgbẹ̀rún, a kò fi ẹ̀mí òṣèré wewu lẹ́nu iná, a sì lè tún ògiri Ọ̀yọ́-Ilé mọ lórí ahoro rẹ̀. N kò ní kí a dá a padà.

Ohun mìíràn tún ti yí padà tí mo fẹ́ kàn díẹ̀, ìyẹn awo. Apidán kò jẹ́ sọ fún ọ bí ere ṣe jáde láti inú àpò. Bí ó bá sọ, ọmọ rẹ̀ yóò bá ebi pàdé. Lóde òní, àwọn tí wọ́n ń ṣe idán àwòrán ni wọ́n ń fi ọwọ́ ara wọn tú u: bí eré bá jáde lónìí, lọ́la ni wọn yóò gbé àwòrán aṣọ aláwọ̀ ewé àti egungun ẹyẹ jáde, kí àwọn oníbàárà lè mọ̀ pé àwọn mọ iṣẹ́. Ohun tí ó jẹ́ ìtìjú fún onídán ti di ìpolówó ọjà. N kò lè pe èyí ní búburú, nítorí ọ̀nà yìí ni ọ̀pọ̀ ọmọ wa fi ń kọ́ iṣẹ́ náà nínú yàrá wọn láìsan owó ẹ̀kọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Ọ̀kan nínú irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ wá bá mi ní ọ́fíìsì ní ọdún tí ó kọjá. Iṣẹ́ idán àwòrán ni ó ń ṣe ní Ìbàdàn, ọmọ agbolé apidán sì ni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò gbọ́ èṣà. Eré àtìgbàdégbà kan ni ó wà lọ́wọ́ wọn, ọdẹ kan yóò di ẹkùn nínú rẹ̀. «Ẹ jọ̀wọ́, sà,» ni ó wí, «ọfọ̀ ìṣẹ́jú àáyá mẹ́fà ni a ń wá.» Mo ṣàlàyé fún un pé ọfọ̀ ní ìlànà: a óò pe orúkọ ohun tí a ń bá sọ̀rọ̀, a óò sọ ìwà rẹ̀, a óò fi ìwà náà ṣe ẹ̀rí, lẹ́yìn náà ni a óò tó pàṣẹ. Ẹni tí ó bá fo ẹ̀rí kò tíì pe ọfọ̀, ó kàn pariwo ni. Mo ka èyí tí mo kọ fún un, ó sì gbé aago tì í. Ìṣẹ́jú àáyá méjìdínláàádọ́ta. Ó ṣírò lórí ìwé, ó ní ẹgbẹ̀fà àwòrán nìyẹn, ọ̀gá òun yóò lé òun jáde.

Mo bi í bóyá ó pọn dandan kí a rí ẹkùn ní gbogbo àkókò náà. Ó ronú. Ó ní bóyá kámẹ́rà lè wà lójú ọdẹ nígbà tí ó bá ń sọ̀rọ̀, kí á rí òjìji rẹ̀ nìkan lára ògiri tí ó ń yí padà, kí ẹkùn gan-an má yọ títí ó fi dé àṣẹ. Òjìji kò wọ́n, ó ní, kò ní ìyẹ́, kò ní irun. Ó mú ìwé náà lọ. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì ó pè mí lórí fóònù pé wọ́n ti gbà á, àmọ́ wọ́n ní kí ó má ju ìṣẹ́jú àáyá méjìlélógún lọ. Mo gé orúkọ méjì kúrò, mo fi ẹ̀rí sílẹ̀.